Eruku Ọyẹ́ àti Adágún Tí Ó Gbẹ: Èsì Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ eruku ọyẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa. A ṣa mẹ́rin nínú wọn, nítorí pé bí ìbéèrè wọn tilẹ̀ yàtọ̀ síra, ibì kan náà ni ìdáhùn wọn ń darí ẹni lọ: Bodélé, ìsàlẹ̀ adágún ayé àtijọ́ kan tí ó ti di aṣálẹ̀ ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀.

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọyẹ́. Aṣọ léèsì ni mò ń tà ní Kubwa. Bí mo bá nu gíláàsì ṣọ́ọ̀bù mi ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, eruku á ti tún bò ó, eruku tí ó ràn sí funfun tí ó sì kúnná lẹ́búlẹ́bú. Àwọn aládùúgbò mi ní láti Kánò ni ó ti ń wá. Oníbàárà mi kan tí ó jẹ́ ará Bọ̀nọ́ ní rárá o, láti Chad ni. Èwo ni ká gbà? Kí ló sì dé tí kò jọ iyanrìn tí a mọ̀? — Ìyá Oníléèsì, Kubwa, Àbújá

Ẹ kú ọyẹ́ náà, Màmá, ẹ sì kú ọjà. Ọ̀rọ̀ oníbàárà yín ni ó sún mọ́ òótọ́ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó dárúkọ Kánò kò sọ ìsọkúsọ, nítorí pé orí Kánò ni púpọ̀ nínú eruku náà ń gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ibi pàtàkì jù lọ tí ó ti ń dìde ni Bodélé, tí ó fi ju 1,000 kìlómítà lọ jìnnà sí Àbújá. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń fi sátẹ́láìtì ṣọ́ ojú ọ̀run gbà pé kò sí ibì kan ṣoṣo ní ayé tí eruku ti ń dìde tó ibẹ̀, àti pé nǹkan bí 100 ọjọ́ nínú ọdún ni ìjì eruku fi ń jà níbẹ̀.

Ohun méjì ni ó pàdé ní Bodélé, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀. Ní ìhà àríwá rẹ̀ ni àwọn òkè Tibesti wà, tí èyí tí ó ga jù nínú wọn, Emi Koussi, ga ju 3,400 mítà lọ. Ní ìhà ìlà-oòrùn ni òkè pẹrẹsẹ Ennedi wà. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tí ó ń bọ̀ láti ìhà Líbíyà kò lè wó òkè, nítorí náà àlàfo tí ó wà láàárín òkè méjèèjì ni ó ń gbà, bí ọ̀nà sì ṣe há mọ́ ọn tó ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ kan gbé irinṣẹ́ lọ sí Bodélé, wọ́n sì pàgọ́ sí àárín ìjì náà láti wọ̀n ọ́n. Ohun tí wọ́n rí ni pé ní òru, afẹ́fẹ́ líle yìí a máa fẹ́ ní òkè díẹ̀ sí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yọ tí ó sì mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè àti èyí tí ó wà nílẹ̀ a dàpọ̀, agbára tòkè náà a sì sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí eruku Bodélé fi máa ń gbéra ní àárọ̀ sí ọ̀sán ju ìgbà mìíràn lọ. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó ti lè dé apá òkè ọya lọ́dọ̀ wa.

Ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ó wá mú kí ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Nígbà tí omi ṣì wà ní Bodélé, omi náà kún fún àwọn ohun abẹ̀mí tín-ń-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dáyátọ́ọ̀mù. Ìbátan ewédò ni wọ́n, ṣùgbọ́n olúkúlùkù wọn a máa fi irú èròjà tí wọ́n fi ń rọ gíláàsì kọ́ ìkarahun yí ara rẹ̀ ká. Bí wọ́n ṣe ń kú ni ìkarahun wọn ń rì sí ìsàlẹ̀ omi, wọ́n ń kó jọ lé ara wọn lórí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, títí ó fi di ìpele funfun tí ó nípọn. Omi gbẹ, ìpele yìí sì kù sí gbangba. Ó fúyẹ́, ó sì rọ̀ débi pé èékánná lè ha á. Afẹ́fẹ́ a máa ta èépá rẹ̀ lórí ilẹ̀, àwọn èépá náà a máa kọlu ara wọn, wọn a máa lọ ara wọn kúnná. Èyí tí ó bá ti kúnná tán ni afẹ́fẹ́ ń gbé fò.

Ẹ lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí iyanrìn lórí gíláàsì yín fúnra yín. Ẹ fi ìka ra eruku náà, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò ra ìka náà: kò ní gún yín bí iyanrìn odò ṣe ń gúnni, yóò kàn yọ̀ láàárín ìka ni, bí átíkè. Iyanrìn wúwo, kò lè bá afẹ́fẹ́ rìn jìnnà. Òkìtì iyanrìn wà ní Bodélé lóòótọ́, wọ́n sì wà lára àwọn òkìtì iyanrìn tí ó ń yára ṣí kúrò ní ipò wọn jù láyé, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni wọ́n ń fà yí ká sí. Èyí tí ó kúnná nìkan ni ó ń dé Kubwa.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí gbé gbogbo ẹ̀bi lé Bodélé lórí o. Aṣálẹ̀ ìhà Bilma ní orílẹ̀-èdè Niger náà ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí ní àdúgbò wa ń dá tirẹ̀ kún un, èéfín igbó tí wọ́n ń sun ní ẹ̀ẹ̀rùn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí eruku orí gíláàsì yín bá pupa rúsúrúsú, ilẹ̀ àdúgbò yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Takisí ni mo ń wà láàárín Nyanya àti Àárín Ìlú, ọyẹ́ sì máa ń le débi pé a kì í rí ọkọ̀ tí ó wà níwájú. Kí ló dé tí ìjọba kò gbin igi tí yóò dí eruku yìí lọ́nà? — Onítakisí, Nyanya

Arákùnrin wa, igi gbíngbìn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2007 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà gbé ètò tí wọ́n ń pè ní Great Green Wall kalẹ̀, láti Senegal títí dé Djibouti, ìpínlẹ̀ 11 sì ni ó kàn ní àríwá Nàìjíríà. Ètò náà dára fún ohun tí ó wà fún, èyí ni kí ilẹ̀ oko wa má baà ṣí lọ. Ṣùgbọ́n eruku Bodélé ti gòkè jìnnà kọjá orí igi kígi kí ó tó wọ Nàìjíríà, igi kankan kò sì lè hù ní ojú ibi tí ó ti ń dìde.

Ní tèmi, bí agbára rẹ̀ tilẹ̀ wà, n kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí i. Eruku Sàhárà kì í dúró lọ́dọ̀ wa, ó ń ré Òkun Àtìláńtíìkì kọjá dé Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2015, tí àwọn òṣìṣẹ́ àjọ NASA wà nídìí rẹ̀, fi hàn pé nǹkan bí 27.7 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù eruku ni ó ń bọ́ sórí igbó kìjikìji Amazon lọ́dọọdún, àti pé nǹkan bí 22,000 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà tí ó wà nínú ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń rà. Ìwọ̀n yìí kò jìnnà sí èyí tí òjò àti àgbàrá ń fọ̀ lọ kúrò nínú ilẹ̀ igbó náà. Ìsàlẹ̀ adágún Bodélé sì wà lára àwọn ibi pàtàkì tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yìí ti ń wá. Ẹ ṣáà máa tan iná ọkọ̀ yín, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ láàárín yín àti ẹni tí ó wà níwájú.

Sí Olóòtú. Olùkọ́ Jọ́gíráfì tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo kà á pé Adágún Chad ti tóbi rí débi pé Maidúgúrì wà ní etí rẹ̀, àti pé Bodélé wà lára rẹ̀. Ẹ̀rí wo ni ó wà fún èyí ní ilẹ̀ Nàìjíríà? Bí ó bá sì jẹ́ pé Bodélé ni ó jìn jù nínú adágún náà, kí ni ó fà á tí ibi jíjìn fi gbẹ, tí omi sì kù sí ibi tí kò jìn? — Olùkọ́ Àgbà, Sábó Gárì, Kánò

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè apá kejì yẹn, nítorí pé àwọn ìwé tí a ń kà kì í sábà dúró sórí rẹ̀.

Kí a ti orí ẹ̀rí bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti Maidúgúrì gba ọ̀nà Bama lọ ń rìn lórí ẹ̀rí náà láìmọ̀. Ilẹ̀ gíga tóóró kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bama Ridge. Iyanrìn ni, ó fi nǹkan bí 12 mítà ga ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì na tààrà títí wọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ìgbì adágún àtijọ́ ni ó kó iyanrìn náà jọ sí etí omi. Maidúgúrì jókòó lé e lórí. Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ sí ìhà adágún yóò bá ilẹ̀ amọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní firki, tí omi fi sílẹ̀ nígbà tí ó ń lọ. Orí ilẹ̀ yìí ni àwọn àgbẹ̀ Bọ̀nọ́ ti ń gbin ọkà bàbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n ń pè ní masakwa, nítorí pé amọ̀ náà a máa fi omi òjò pamọ́ sínú fún oṣù púpọ̀.

Ẹ̀rí mìíràn wà ní Ìpínlẹ̀ Yobe. Ní ọdún 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ohun líle kan sì dá a dúró nínú ilẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni, igi kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́, tí gígùn rẹ̀ lé ní 8 mítà. Nígbà tí wọ́n yẹ ọjọ́ orí rẹ̀ wò, ó tó nǹkan bí 8,000 ọdún, èyí tí ó sọ ọ́ di ọkọ̀ tí ó dàgbà jù lọ tí wọ́n tíì rí ní Áfíríkà, Damaturu ni wọ́n sì gbé e lọ. Ibi tí wọ́n ti wú u jáde kì í ṣe ibi tí ọmọdé òde òní lè ronú pé a nílò irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀.

Ní àkókò náà, òjò ń rọ̀ dé àárín Sàhárà. Nǹkan bí 7,000 ọdún sẹ́yìn, adágún náà gbòòrò tó nǹkan bí 350,000 kìlómítà níbùú lóròó, èyí tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ Nàìjíríà lọ, ibi tí ó sì jìn jù nínú rẹ̀ ju 150 mítà lọ. Nígbà tí ó kún dé ẹnu, ó ń tú sínú odò Mayo Kebbi, láti ibẹ̀ sínú odò Bẹ́núé, ó sì ń bá Odò Ọya pàdé ní Lọ́kọ́ja kí ó tó lọ sínú òkun. Omi tí ó borí Bodélé nígbà náà lè gba ẹ̀gbẹ́ Lọ́kọ́ja kọjá. Nígbà tí ó di nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn, òjò fà sẹ́yìn sí gúúsù, adágún náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì.

Apá kejì ìbéèrè yín wá kàn. Ojú Adágún Chad ti òde òní fi nǹkan bí 280 mítà ga ju ojú òkun lọ. Ibi tí ó rẹlẹ̀ jù ní Bodélé kò ju nǹkan bí 160 mítà lọ. Òye tiwa yóò sọ pé ó yẹ kí omi ti ṣàn lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti gúúsù ni omi adágún náà ti ń wá: odò Chari àti Logone, tí wọ́n ń gbé omi òjò bọ̀ láti orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà àti Kamẹrúùnù, ni ó ń kó èyí tí ó pọ̀ jù wọ inú rẹ̀, odò Komadugu-Yobe tiwa sì ń fi díẹ̀ kún un. Bí omi yìí ṣe dé ni oòrùn ń fà á gbẹ, kò sì kù tó èyí tí yóò kún kọjá ẹnu àfonífojì Bahr el Ghazal, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó lọ sí Bodélé. Ọ̀nà náà ṣì wà, kò sí omi nínú rẹ̀ ni. Díẹ̀ nínú omi adágún a máa rìn lábẹ́ ilẹ̀, a sì máa gbé iyọ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí omi Adágún Chad fi ṣeé mu títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ẹnu ọ̀nà tí ó já sí òkun mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ nílé má da gbígbẹ àtijọ́ yìí pọ̀ mọ́ ti ayé wa. Adágún tí ó gbòòrò tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969 ni ọ̀dá ọdún 1970 sókè sọ di èyí tí kò tó 2,000 ní àárín ọdún 1980 sí 1989. Ó ti padà pọ̀ díẹ̀ láti ìgbà náà. Ìtàn mìíràn nìyẹn, ọwọ́ ènìyàn sì wà nínú rẹ̀. Ti Bodélé ti ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ìsédò.

Bàbá Olóòtú, mo kí yín o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní yunifásítì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ilẹ̀ òkú ni Bodélé, pé kòkòrò kò sí níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ibì kan sì wà ní Nàìjíríà tí mo ti lè rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? — Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Gwagwalada

Ọmọ wa, ó sinmi lórí ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ dúró sí. Ní ojú ilẹ̀ funfun náà gan-an, egungun ni ìwọ yóò rí ju ẹran lọ: egungun ẹja, ti ọ̀nì àti ti erinmi, tí afẹ́fẹ́ ti gbá erùpẹ̀ kúrò lórí wọn. Aṣálẹ̀ Djurab tí ó wà ní àgbègbè náà sì ni wọ́n ti rí agbárí tí wọ́n sọ ní Toumaï ní ọdún 2001, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 7 ọdún, ọ̀kan lára àwọn tí ó pẹ́ jù nínú ìran tí ó sún mọ́ ti ènìyàn.

Ṣùgbọ́n bí ó bá kúrò lójú ilẹ̀ funfun, tí ó sún sí etí rẹ̀, níbi tí koríko ṣákálá ti ń hù lẹ́yìn òjò ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ aṣálẹ̀ wà níbẹ̀, tí kò tóbi ju ológbò kékeré lọ. Etí rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ lójú ẹni tí kò rí i rí. Etí náà ni ó fi ń tú ooru ara dànù, òun náà ni ó sì fi ń gbọ́ ìrìn kòkòrò lábẹ́ iyanrìn. Irun bo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kí iyanrìn gbígbóná má baà jó o. Ọ̀sán ni ó ń sùn nínú ihò, òru ni ó ń jáde, ìwọ̀nba omi tí ó wà nínú ohun tí ó jẹ sì lè tó o fún ọjọ́ púpọ̀. Paramọ́lẹ̀ oníwo kékeré ń ri ara rẹ̀ mọ́ iyanrìn títí ó fi ku ojú àti ìwo lókè. Àkeekèé wà, eku ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ń fò wà, egbin aṣálẹ̀ tí àwọn Háúsá ń pè ní bareewa náà wà.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nípa àgbègbè náà ni omi tí ó ṣẹ́kù síbẹ̀. Ní Ounianga, ní ìlà-oòrùn àríwá Bodélé, adágún 18 wà nínú aṣálẹ̀ tí òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ sí. Omi abẹ́ ilẹ̀ tí ó ti wà níbẹ̀ láti ayé òjò àtijọ́ ni ó ń bọ́ wọn, UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti ọdún 2012. Nínú àpáta Ennedi, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Guelta d'Archei, ọ̀nì díẹ̀ ṣì ń gbé inú omi kan tí àpáta yí ká, àwọn ràkúnmí sì ń wá mu omi náà. Àwọn baba ńlá àwọn ọ̀nì yẹn ti wà níbẹ̀ nígbà tí odò ṣì so gbogbo Sàhárà pọ̀. Odò gbẹ, wọ́n há síbẹ̀. Àwọn ẹyẹ ní tiwọn kì í há. Alápàńdẹ̀dẹ̀ àti pẹ́pẹ́yẹ igbó láti Yúróòpù ń fò ré aṣálẹ̀ kọjá lọ́dọọdún, púpọ̀ nínú wọn sì ń sọ̀ sí ilẹ̀ àbàtà Hadejia-Nguru, láàárín Jigawa àti Yobe.

Ẹran kan wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀. Òun ni oryx, funfun ni, ọrùn rẹ̀ pupa, ìwo rẹ̀ méjèèjì gùn, wọ́n sì tẹ̀ sẹ́yìn bí dòjé. Ara rẹ̀ lè gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 46 Celsius kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, kí omi ara rẹ̀ má baà ṣòfò. Ọdẹ, ogun àti ọ̀dá pa á run. Ní ọdún 2000 ni àjọ IUCN, tí ń ṣọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ìparun láyé, kéde pé kò sí ìkankan tí ó kù nínú igbó. Àwọn tí wọ́n ti sìn nílé ni wọ́n kó jọ ní Abu Dhabi, ní ọdún 2016 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀ ní ọgbà ìpamọ́ Ouadi Rimé-Ouadi Achim, ní gúúsù Bodélé, pẹ̀lú ẹ̀rọ ní ọrùn tí sátẹ́láìtì fi ń mọ ibi tí wọ́n wà. Wọ́n bímọ níbẹ̀. Ní ọdún 2023, IUCN yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí ó ti tán nínú igbó, ó sì fi í sí ara àwọn tí ó wà nínú ewu.

Ní ti ibi tí o ti lè rí irú ilẹ̀ náà ní Nàìjíríà, Bulatura ni kí o béèrè, ní ìhà àríwá Ìpínlẹ̀ Yobe. Ó wà lára Chad Basin National Park. Òkìtì iyanrìn ni ó wà níbẹ̀, àfonífojì sì wà láàárín wọn tí omi ń sun nínú rẹ̀, tí igi ọ̀pẹ ń hù sí, tí àwọn ará àdúgbò sì ti ń wa kán-ún. Má ṣe dá lọ o. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà ni kí o kọ́kọ́ kàn sí, kí wọ́n sọ fún ọ bí ọ̀nà ṣe rí lásìkò náà, oṣù Ọ̀pẹ sí oṣù Èrèlé sì ni ìgbà tí oòrùn kò tíì le jù níbẹ̀.